Gbọ̀ngàn Tí Kò Fẹ́ Ìkíni

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Mo mọ̀ pé kí ẹ tó ka ìlà yìí tán, ẹ ti yíjú sí Màámi, ẹ ti ní, "Kí ló tún fẹ́?" Mi ò fẹ́ nǹkan kan, Bàbá. Ìròyìn ni mo mú wá.

Ẹ rántí ọ̀gá mi, bàbá tó dá yàrá àtúnṣe dùùrù sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ímeèlì fún gbogbo àwa tí a ń tún dùùrù ṣe. Gbọ̀ngàn la máa ń pè é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá: ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì Gbọ̀ngàn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa rí i gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ibi yòówù kí wọ́n wà. Ẹni tí wáyà já mọ́ lọ́wọ́ á béèrè, ẹni tó mọ̀ á dáhùn, àwa yòókù á kà á, a ó sì fi kọ́gbọ́n.

Ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n máa bójú tó Gbọ̀ngàn ná, kí òun fi wò ó bóyá mo lè bójú tó yàrá àtúnṣe lẹ́yìn òun. Ó ní, "Ẹni tó bá lè mú kí àwọn atúndùùrùṣe dákẹ́, kò sí ohun tí kò lè ṣe." Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀, kì í ṣe àwàdà.

Ó dáa, mo fẹ́ nǹkan kan lóòótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ wọ Gbọ̀ngàn. Láti ìgbà tí agbára etí yín ti dín kù tí ẹ sì ti gbé sípánà tí ẹ fi ń tún dùùrù ṣe sílẹ̀, Màámi ní ìdí fèrèsé lẹ kàn ń jókòó sí, tí ẹ ń ṣàtúnṣe sí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń rìn. Wọ́n ní ẹ pe ọkùnrin kan dúró láàárọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ń sáré ju ọ̀tún lọ. Ẹ wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀, Bàbá. Mo ti fi orúkọ yín sílẹ̀. Tí lẹ́tà bá dé, ẹ kàn tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí.

Ẹ bá mi kí Màámi dáadáa.

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ kí ọ. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí òòlù dùùrù tí òwú orí rẹ̀ ti jẹ tán.

Mo ti tẹ "Mo gbà." Mo ti wọlé. Ọmọ mi, irú ilé wo lẹ ń gbé yìí? Ènìyàn á wọlé wẹ́rẹ́, kò ní kí ẹnikẹ́ni, á ní, "Ìṣó kan ń yọ̀, kí ni kí n ṣe?" bíi pé ọlọ́pàá ń lé e bọ̀. Ẹlòmíràn á ní, "Pààrọ̀ rẹ̀." Ó parí. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí báwo lara, kò sí àwọn ọmọ ńkọ́. Mo ní rárá o, àgbàlagbà kan ní láti bá wọn tún ibẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ tí mo wọlé gan-an ni mo kí gbogbo wọn. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ ti ìyá rẹ, mo sọ ti orúnkún. Ẹnì kan ní káàbọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn ní káàbọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, kó má lọ rò pé mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ò tíì sọ nǹkan kan, ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá tún kọ̀wé sí gbogbo ilé pé ṣé kò sí o. Inú mi dùn, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti dí báyìí.

Mo ti ń dá wọn mọ̀. Orúkọ wọn ò dúró lórí mi, nítorí náà mo fún wọn ní tèmi. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà ńláńlá ló fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀, bíi pé orí òrùlé ló dúró sí. Aláriwo ni mo sọ ọ́. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un pé etí mi ló ń dùn mí, kì í ṣe ojú. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan wà tó ń ta wáyà dùùrù, òun nìkan ló béèrè orúnkún mi. Oníwáyà nìyẹn. Àgbàlagbà kan sì wà tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí ènìyàn kọ ìlà mẹ́ta, á ní, "Ẹ gé e kúrú." Mo kí i lọ́tọ̀, mo ní ẹ kú ìjókòó, ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́. Ó fèsì pé, "Ẹ gé e kúrú." Bàbá Gé-e-Kúrú ni mo sọ ọ́. Ta ni bàbá yẹn? Ó jọ pé wọn kì í fún un lóúnjẹ nílé.

Ìyá rẹ ní kí o fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́. Ó ní kì í ṣe ti dùùrù.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Bàbá Gé-e-Kúrú yẹn, ọ̀gá mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Lẹ́tà "ṣé kò sí o" tí ẹ kọ yẹn, gbogbo Gbọ̀ngàn ló dáhùn. Gbogbo wọn ló ní kò sí o. Àwọn kan tún wá dáhùn ìdáhùn. Nígbà tó yá, Aláriwo (ẹ ò rí ohun tí ẹ ṣe, èmi náà ò lè pè é ní nǹkan mìíràn mọ́) kọ̀wé pé KÍ GBOGBO ÈNÌYÀN DẸ́KUN FÍFÈSÌ FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ni wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn. Obìnrin kan tó ti kó orí sínú dùùrù lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé fóònù òun dún títí ó fi jábọ́ sáàárín àwọn wáyà, pé ibẹ̀ ló sì wà tó ṣì ń dún. Àwọn àgbà méjì ti kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀gá pè mí. Ó ní, "Ta ni bàbá olórúnkún yìí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ni, sà."

Ó ní, "Bá a sọ̀rọ̀. Kó o sì gé e kúrú."

Bàbá, Gbọ̀ngàn ní òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí mo bá wà níwájú yín. Kí ẹ tó fèsì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gbogbo wa ló kàn àbí ẹnì kan péré. Tó bá jẹ́ ẹnì kan, òun nìkan ni kí ẹ kọ ọ́ sí. A kì í fi "ẹ ṣeun" lásán ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Tí ẹ bá ń dáhùn lẹ́tà, ẹ gé ìrù rẹ̀ dànù, kí ti àná àti ti ìjẹta má máa wọ́ tẹ̀lé e. Èyí tó wá ká mi lára jù ni àkọlé. Abẹ́ àkọlé "Ìṣó tó ń yọ̀" lẹ ti lọ sọ̀rọ̀ orúnkún yín. Àwọn kan rò pé inú orúnkún ni ìṣó náà wà. Wọ́n ti ń gbàdúrà fún yín. Tí lẹ́tà bá sì pọ̀ jù fún yín, mo lè ṣe é kí ti ọjọ́ kan máa dé pa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nínú ìdìpọ̀ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Iṣẹ́ yìí wù mí gan-an ni.

Mo fi fọ́tò sí i. Dùùrù wà lẹ́yìn mi, ẹ bá mi bẹ Màámi.

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Àbíkẹ́yìn,

Mo rí òfin. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, ó sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lánàá mo jẹun tán, mo ní ó ṣeun, ó ní ṣé gbogbo ilé ló kàn ni.

Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ló wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé láìkí ènìyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ ló so mọ́ ọn, mo ti gbà. Láti òní lọ, òfin ni màá máa tẹ̀lé. Tí o bá rí lẹ́tà mi, wàá rò pé ẹlòmíràn ni.

Èmi ò fẹ́ ìdìpọ̀. Kí ni kí n máa ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní màá rò pé ẹlòmíràn ni. Ì bá wù mí kó jẹ́ ẹlòmíràn.

Àkọlé tí ẹ fún lẹ́tà yín ni "Kò Sí Ìkíni Nínú Lẹ́tà Yìí." Mo ṣí i, mo rí i: "Mi ò kí yín. Mi ò béèrè ìyàwó yín. Mi ò béèrè àwọn ọmọ. Mi ò sọ fún yín pé orúnkún mi ti sàn díẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, òwú orí òòlù tó ti le, ṣé ẹ máa ń fi abẹ́rẹ́ gún un kó rọ̀ ni àbí ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀?"

Bàbá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Gbogbo wọn ti ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó tún ń béèrè nǹkan láìkọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí kò ní béèrè. Aláriwo kọ ọ́ gàdàgbà pé MI Ò KÍ ÌYÁ ÀWỌN ỌMỌ YÍN. Lẹ́tà tó jẹ́ ìlà kan tẹ́lẹ̀ ti di ojú ìwé kan. Oníwáyà sì sọ fún mi pé ẹ ti ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níkọ̀kọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹ ti mọ orúkọ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mi ò lè bá yín wí lórí ìyẹn, òfin ò kọ̀ ọ́. Ẹ ti rí ihò inú rẹ̀, ẹ sì ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá náà gba tiẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kà á tán pátá, ó fi fóònù sápò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yín ní Gbọ̀ngàn.

Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ sinmi díẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo kọ lẹ́tà sí Gbọ̀ngàn nípa eku tó bí ọmọ sínú dùùrù ilé-ẹ̀kọ́ kan nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tó dára ni. Mo gé ìrù rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni "Eku." Mi ò rí i kó jáde. Mo tún un fi ránṣẹ́, kò tún jáde. Mo kọ òmíràn, òun náà wọlẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ní nẹ́ẹ̀tì ni. Mo ní nẹ́ẹ̀tì wo ló mọ̀ pé èmi nìkan ni kí òun má gbé?

Bá mi wò ó.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta

Sí Alábòójútó Gbọ̀ngàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ẹ ò dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ eku, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀. Oníwáyà ti là mí lóye pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà Gbọ̀ngàn tó lè dá lẹ́tà èèyàn dúró, kó kà á, kó sì pinnu bóyá yóò wọlé tàbí kò ní wọlé. Mo bi í pé ta ni ẹni náà. Ó ní òun ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí.

Nítorí náà, àdírẹ́sì Gbọ̀ngàn ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kí ẹ lè bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ jókòó sí. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín, mà: ọmọ tí mo gbé sórí àpótí kó lè rí inú dùùrù, ṣé òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi báyìí? Ẹ dá mi lóhùn nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ìyàwó mi ò kí yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bàbá olórúnkún


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má pè mí ní Alábòójútó mọ́, ẹ má sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ó ń dẹ́rù bà mí. Òótọ́ ni. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ní tí lẹ́tà yín kan bá tún jáde láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kà á, kí n gbàgbé yàrá àtúnṣe. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mò ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ ni, mi ò rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni níbí. Kì í ṣe lẹ́tà yín ló ń bí Bàbá Gé-e-Kúrú nínú. Etí rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn ohùn tín-ín-rín tó wà lápá ọ̀tún dùùrù, kò gbọ́ wọn mọ́. Á tún dùùrù ṣe, á nu ọwọ́, á ní, "Ó pé," á sì jáde. Èmi á dúró kó lọ, màá tún pa dà tún gbogbo apá ọ̀tún ṣe. Àwọn olùkọ́ á máa yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń gé ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn kúrú torí pé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára dé orí lẹ́tà. Aláriwo ń fi lẹ́tà ńlá pariwo lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀gá ní tiẹ̀ ń fi ipò pariwo. Ó sì máa ń kọrin tó bá ń fọ ife, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ dáadáa gan-an, ẹ máa sá.

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o.

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi,

Lẹ́tà rẹ dé. O ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ.

Ṣùgbọ́n wo àdírẹ́sì tí o fi ránṣẹ́ sí, ọmọ mi. Àdírẹ́sì Gbọ̀ngàn tí mo fi kọ tèmi, ibẹ̀ lo fèsì sí. Wọ́n dá tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tìrẹ, ta ni yóò dá a dúró? Gbogbo ilé ti kà á. Aláriwo ti fèsì. Ó ní TA NI ALÁRIWO?

Ìyá rẹ kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi ò mọ èyí tí mo máa ṣe.

Dá mi lóhùn. Èmi nìkan ni kí o kọ ọ́ sí o.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn,

O ò kọ̀wé, o ò gbé fóònù. Ìyá rẹ ti ń wo mí bíi pé èmi ni mo tẹ bọ́tìnì.

Mo fẹ́ gbèjà rẹ ní Gbọ̀ngàn. Mo kọ lẹ́tà tó mọ́gbọ́n dání, ó kúrú, kò ní ìrù, àkọlé rẹ̀ bá a mu. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà tí o tì mọ́ mi. Ìwọ nìkan lo lè ṣí i, ìwọ lo sì sá lọ. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

Ẹ̀rín ti tán báyìí, nítorí náà gbọ́ mi. Nígbà tí etí tèmi ń lọ, ta ló sọ fún mi? Ìwọ ni. Ilé ìdáná la wà, ò ń gé búrẹ́dì. O ní, "Bàbá, apá ọ̀tún dùùrù ti yẹ̀, ẹ ò sì gbọ́ ọ." Mo bínú. Mi ò jẹ búrẹ́dì yẹn, mi ò bá ọ sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò lọ síbi iṣẹ́ kí n má bàa bá ọ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé sípánà sílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé e sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. O sọ tèmi lójú mi. Tiẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lo ti sọ ọ́, o sì ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé ọmọdé ni. Ìyẹn ló dùn mí, kì í ṣe ilẹ̀kùn tí o tì.

Lọ bá a. Má kọ ọ́ ní ímeèlì. Fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ìyá rẹ kí ọ. Èmi náà kí ọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àìsùn mi. Mo ti lọ.

Yàrá ìdánrawò kékeré ni mo ti bá a, ó jókòó sórí àga dùùrù, kò tẹ nǹkan kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti há ọ̀rọ̀ kan sórí láti ilé, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

Ó ní, "Orin wo ni mò ń kọ tí mo bá ń fọ ife?"

Mo ní, "A ò mọ̀, sà. Kò sí ẹni tó tíì mọ̀ ọ́n."

Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ìbínú ni. Bàbá, ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, lẹ́yìn náà ló dáwọ́ dúró lójijì, ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí dùùrù ńlá tuntun yẹn ti dé, sà."

"O sì ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn láti ìgbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo wá èsì, mo rí ọ̀kan tó gùn dáadáa. Mo wá ní, "Ẹ̀rù bà mí, sà."

Ó ní, "Ìyẹn kúrú tó."

Ó ní kí n wá jókòó, kí n máa tẹ apá ọ̀tún fún òun. Ó gbé ọwọ́ lé ara igi dùùrù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ní, "Ó pé?" Èmi á ní kò pé, sà. A ń lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ìpẹ̀kun. Mo tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ó ń wò mí. Ó ní, "Ó yá, tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́, sà."

Òun fúnra rẹ̀ ló pa ìdérí rẹ̀ dé. Ó bínú sí mi lẹ́yìn ìyẹn. Kò kí mi láti ọjọ́ náà di àná, àmọ́ kì í kí mi tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò mọ ìgbà tí ìbínú bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí.

Lánàá ló kọ̀wé sí Gbọ̀ngàn: "Òótọ́ ni. Mò ń fẹ̀yìn tì lóṣù yìí. Ẹ gé ìkẹ́dùn kúrú." Mo dúró de ariwo. Kò sí ẹnikẹ́ni tó fèsì sí gbogbo ilé. Gbọ̀ngàn dákẹ́ lọ rọ́ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló pè mí, fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí òtútù mú. Òun nìkan ni gbogbo wọn kọ̀wé sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró. Mo ní kò ṣeé dá dúró, sà. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ó ti gba Gbọ̀ngàn lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò lè fi bọ́tìnì sílẹ̀ fún mi láéláé. Oníwáyà ló fà á lé lọ́wọ́. Ní ti yàrá àtúnṣe, ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n dì í mú títí wọ́n fi máa pinnu, Ọ̀gá á sì máa wá tún igi àti òwú ṣe, torí pé ìyẹn ò fẹ́ etí. Kí n tó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, mo ṣí i fún lẹ́tà yín. "Ọmọ mi ṣàṣìṣe. Èmi ni mo sọ yín lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú sí mi níkọ̀kọ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó lọ. Lẹ́tà eku náà ti jáde. Aláriwo ní ó DÁRA GAN-AN.

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí, mo yẹ àdírẹ́sì wò dáadáa kí n tó fi í ránṣẹ́.

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ò kọ̀wé sí mi mọ́, ẹ ò sì kọ̀wé sí Gbọ̀ngàn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo pe Màámi, wọ́n ní ẹ wà lórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, pé ẹ̀yin àti Ọ̀gá ti dá ilé tiyín sílẹ̀ fún àwọn atúndùùrùṣe tí etí wọn ti rẹ̀, pé àwọn àgbà méjì tó bínú kúrò ní Gbọ̀ngàn náà ti wọ ibẹ̀. Ọ̀gá wá síbi iṣẹ́ lánàá, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo rò pé wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ni.

Mo kọ̀wé pé kí ẹ gbà mí sílé yín. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni mo wá wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí?

Àbíkẹ́yìn yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn,

A kí ọ o. Báwo ni iṣẹ́? Ṣé ò ń jẹun? Níbí, ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kí ènìyàn, ìta ni lẹ́tà rẹ̀ máa sùn sí, o sì gbìyànjú, o kí wa kí o tó ráhùn.

Èmi àti Bàbá Gé-e-Kúrú jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi nípa rẹ, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi se oúnjẹ tán kí n tó kà á tán. Mo ní kó gé e kúrú. Ó ní ó ti tó gẹ́ẹ́, òun ò gé nǹkan kan kúrú mọ́. Mi ò ní sọ ohun tó kọ fún ọ, kí orí rẹ má bàa wú.

Ìpinnu wa nìyí. Ilé àwọn tí etí wọn ti rẹ̀ ni ilé yìí. A béèrè ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ Oníwáyà. Ó ní ohùn tó tín-ín-rín jù lọ lórí dùùrù, láti yàrá kejì lo ti ń gbọ́ ọ, pé o tilẹ̀ ń dá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ̀. Nítorí náà, a ò lè gbà ọ́ wọlé. Ìyá rẹ bẹ̀ wá, a kọ̀. Ọ̀gá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ló kọ̀ jù.

A ti kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó ń dúró. Kí o pẹ́ níta, ọmọ mi. Kí o pẹ́ níbẹ̀ títí ìdúró fi sú ọ.

Bàbá rẹ